Ọ̀rá Tí Wọ́n Ta Lọ́fà

Ní Àsítánà, nígbà tí òtútù bá ń gé etí bí abẹ,
tí odò Èsílì ti le bí òkúta, tí ọmọdé ń yọ̀ lórí rẹ̀,
Ráúṣán á bọ́ kóòtù onírun, á fi kọ́ ìṣó,
á wọ ẹ̀wù funfun, á fi fìlà bo irun,
á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá tí kò ní fèrèsé.

Ọ̀rá ni iṣẹ́ rẹ̀.
Kì í ṣe ọ̀rá tí a fi ń di iyọ̀;
ìbátan ìgò omi ni, tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
tó mọ́ gaara débi pé o lè kàwé láti ẹ̀yìn rẹ̀.
Da omi sí i, omi á jókòó sórí rẹ̀.
Fẹ́ atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn á padà sílé.
Okùn gígùn ni gbogbo inú rẹ̀,
okùn lórí okùn, ọwọ́ nínú ọwọ́,
wọn kì í gba àlejò.

Lẹ́yìn ògiri tó nípọn ju bí Ráúṣán ti ga lọ,
ẹ̀rọ ń fi kríptọ́nù yípo bí ẹni ń ju kànnàkànnà.
Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, wọ́n bọ́ ìkejì, wọ́n bọ́ ìkẹta;
ó ń yí, ó ń yára,
gbogbo ìyípo ló ń fi agbára kún agbára.
Wọ́n bá tú u sílẹ̀.

Ta ló gbọ́ ìró? Kò sẹ́ni tó gbọ́.
Fìrí ló wọlé, fìrí ló jáde,
ṣùgbọ́n níbi tó gbà, okùn já.
Háídrójìn bẹ́ jáde bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí igi rẹ̀;
kábọ́nù kù sílé, ó ń wá ẹni tí yóò dì mọ́.
Òmíràn dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí,
ibẹ̀ wá le ju ti àná lọ.
Bí wọ́n bá ta á pẹ́, á pọ́n bí tíì tí kò ní wàrà,
á dú díẹ̀díẹ̀;
iná mànàmáná tí kì í gba ibẹ̀ kọjá
á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Janbólátì sùn lọ nídìí aago.
Ọ̀rá ọjọ́ náà rí bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀:
wọ́n fọwọ́ kàn án, ó fọ́.
Ọ̀gá kò bá a wí. Ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé.

Kúláṣì ìyá Ráúṣán bi í léèrè:
“O kàwé títí irun fi funfun lórí mi,
ọ̀rá lo wá ń ta lọ́fà?”
Ráúṣán bu tíì fún un, ìdajì abọ́,
nítorí abọ́ kíkún ni wọ́n fi ń lé àlejò lọ níbẹ̀.
Ó ní: “Ìyá, ọfà nìkan kọ́.
A ó rì í sínú sọ́dà gbígbóná, irú èyí tí ẹ fi ń se ọṣẹ.
Ibi tó bá sàn, sọ́dà á kàn fi ahọ́n tọ́ ọ wò.
Ibi tó bá gbọgbẹ́, á jẹ ẹ́ já dé òdìkejì.”

Lórí ibi tí kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ,
ihò tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju àgùntàn tí bàbá-bàbá wọn dà rí.
Kòkòrò àrùn dé ẹnu ọ̀nà, ó tóbi jù.
Omi ń kọjá.

Ìyá na ọ̀rá náà sókè sí gílóòbù.
“N kò rí ihò kankan.”
Ó rántí kànga etí adágún oníyọ̀,
ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí Dáúlẹ́tì ń béèrè omi ṣáá,
tí wọ́n sì ń fún un.
Kò sọ ìyẹn jáde.

Ó ta ọ̀rá bo ẹnu abọ́, ó da omi yìnyín yíyọ́ lé e.
Kò sí nǹkan kan.
“Ó lọ́ra,” ni ìyá wí.
“Ó máa ń lọ́ra,” ni ọmọ wí.
Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n tẹ́tí.